Wọ́kà mẹ́jọ ló ń ṣe iṣẹ́ ogójì èèyàn: báwo la ṣe ń tọ́ aṣáájú tuntun nínú ìjọ?

Alákòóso_Wọ́kà

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ ìjọ ni mo gbé wá, ẹ bá mi dá sí i.

Ìjọ wa kò tóbi. Nǹkan bí igba èèyàn là ń rí lọ́jọ́ Ìsinmi, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ̀ka iṣẹ́ mẹ́sàn-án ló wà: akọrin, ọ́ṣà, olùkọ́ ọmọdé, àdúrà, ìmọ́tótó, ẹ̀rọ (máìkì, míksà àti jẹnẹrétọ̀), ìjíhìnrere, ìbẹ̀wò, àti ìpàdé ilé tó ń wáyé ní ojúlé mẹ́fà káàkiri àdúgbò nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè. Orúkọ tó wà nínú ìwé wọ́kà lé ní ogójì, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́jọ péré ló ṣeé gbára lé. Ẹni tó kọ́ ọmọdé láàárọ̀ ni yóò tún darí ìpàdé ilé nírọ̀lẹ́, òun náà ni wọ́n á tún pè pé kó wá bá wọn ka ọrẹ. Méjì nínú àwọn mẹ́jọ yìí ti ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀, ẹ sì mọ ibi tí irú "díẹ̀" bẹ́ẹ̀ máa ń já sí.

Pásítọ̀ wá ní kí n wá aṣáájú tuntun mẹ́fà kí ìkórè ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Ọ̀dọ́ méjì tí a fi jẹ olórí ẹ̀ka lọ́dún tó kọjá kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n fi jáwọ́. A ti fún wọ́kà ní ìwé ẹ̀rí lópin ọdún, a ti se ìrẹsì, a ti dá aṣọ. Kò yí nǹkan kan padà.

Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tí ẹ ó yàn? Báwo lẹ ṣe ń kọ́ ọ? Kí ló ń mú un dúró? Ṣé ká máa fún wọn lówó ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi, èmi náà mọ ìwàásù í ṣe. Ohun tí mo lè bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni mo ń wá.

Díákónì_Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú làálàá, Alákòóso. Ẹ má tíì wá ẹnì kankan. Iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó ka èèyàn.

Ẹ mú bébà kan fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún sí i: ohun tí ẹni náà yóò máa ṣe gan-an, ọjọ́ àti wákàtí tí yóò gbà á, ẹni tí yóò máa jábọ̀ fún, iye tó lè ná láì kọ́kọ́ béèrè, àti ọjọ́ tí sáà rẹ̀ yóò parí. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ìjọ kì í kọ, òun ló sì ń lé èèyàn sá jù. Ẹ bá sọ fún ọ̀dọ́kùnrin kan pé kó wá jẹ olórí ọ́ṣà, kí ẹ má sọ ìgbà tí yóò gbé e sílẹ̀, ohun tó gbọ́ ni pé títí ayé. Lọ́jọ́ tó bá sú u, kò ní ọ̀nà àbáyọ tó níyì. Á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, á pa fóònù, lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ pé ó ti ń lọ sí ìjọ mìíràn. Ọdún kan, tó ṣeé tún ṣe bí òun àti ìjọ bá fẹ́, tó fún ẹni tuntun.

Ẹ jẹ́ kí n fi olórí ọ́ṣà yẹn ṣàlàyé, torí gbogbo èèyàn ló rò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ká ní aago mẹ́sàn-án ni ìsìn. Ó dé ní 8:00, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó wò ó bóyá omi wà nínú dúrọ́ọ̀mù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó to àga, ó fi ìlà méjì sílẹ̀ nítòsí ẹnu ọ̀nà fún àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ní 8:30 àwọn ọ́ṣà yòókù dé, ó pín wọn: méjì lẹ́nu ọ̀nà, méjì láàárín, ọ̀kan níbi àwọn ọmọdé, ọ̀kan níta níbi ọkọ̀. Ó ka orí èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà orin tó ṣáájú ìwàásù, torí bó bá ti kà á kó tó dìgbà yẹn, àwọn apẹ́lẹ́yìn kò ní sí nínú iye rẹ̀. Ó gba orúkọ àti nọ́ńbà àlejò, ó fi lé ẹ̀ka ìbẹ̀wò lọ́wọ́ kó tó kúrò ní ọgbà. Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà. Sọ́ńdè mẹ́ta nínú oṣù, ìgbákejì rẹ̀ ló ń ṣe ìyókù. Ẹni tó bá rí i báyìí lórí bébà lè sọ pé "mo lè ṣe é" tàbí "apá mi ò ká a", èyíkéyìí tó bá sì sọ yóò ràn yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹnì kan, iṣẹ́ kan. Àwọn mẹ́jọ yín, ẹ ní kí kálukú mú èyí tó wù ú jù, kó sì gbé ìyókù sílẹ̀. Ẹ̀ka tí kò bá rí ẹni ṣe é, ẹ tì í fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì kéde rẹ̀. Títí tí àwọn mẹ́jọ yẹn bá fi ń di gbogbo ihò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ihò wà.

Nípa yíyàn, ẹ wo Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6. Ìṣòro tó ní ojú ni wọ́n fẹ́ yanjú: wọ́n ń fo àwọn opó kan nígbà tí wọ́n bá ń pín oúnjẹ. Wọ́n dá iye, ẹni méje. Wọ́n sọ irú ẹni tí wọ́n ń fẹ́: ẹni tí a ń ròyìn rere rẹ̀, tó kún fún Ẹ̀mí, tó gbọ́n. Ìjọ ló yàn, àwọn àpọ́sítélì ló gbọ́wọ́ lé wọn. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ wa, ìdàkejì là ń ṣe. Pásítọ̀ á rí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, á pe orúkọ rẹ̀ láti orí pẹpẹ láì sọ fún un tẹ́lẹ̀, gbogbo ìjọ á pàtẹ́wọ́, ojú á ti ẹni náà láti kọ̀. Ẹni tí a fi ìtìjú yàn kì í pẹ́.

Ohun tí èmi ń wò: ta ló ń dé kí àkókò tó tó? Ta ló mọ orúkọ ẹni tí kò wá? Bí wọ́n bá tọ́ka àṣìṣe rẹ̀ sí i lónìí, ṣé a ó rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Owó kékeré tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ṣé ó pé? Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀ láìsí orúkọ ni ẹni yín. Tímótì Kìíní orí 3 ní kí a kọ́kọ́ dán díákónì wò, ó sì kìlọ̀ nípa ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́. Torí náà, oṣù mẹ́ta ìdánwò, láìsí ìkéde, láìsí báàjì.

OlóríKíláàsì

Mo bá Díákónì lọ títí dé orí bébà. Àmọ́ ti títi ẹ̀ka, ẹ rọra o. Ẹ lè ti ìjíhìnrere fún oṣù méjì; ẹ̀ka ọmọdé kò ṣeé tì.

Lórí kíkọ́ èèyàn, ẹ má fi sẹ́mínà bẹ̀rẹ̀. Sẹ́mínà ọjọ́ méjì pẹ̀lú fáìlì àti mítí-páì dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó jáde níbẹ̀ kò tíì darí nǹkan kan. Nígbà tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1742, ilé ẹ̀kọ́ aṣáájú kọ́ ni wọ́n ń dá sílẹ̀. Gbèsè ilé ìpàdé ló wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ní kí olúkúlùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, wọ́n pín ọmọ ẹgbẹ́ sí méjìlá-méjìlá, wọ́n sì fi ẹnì kan ṣe olórí tí yóò máa yí ojúlé gba owó náà. Ẹnu owó gbígbà yẹn ni wọ́n ti ń rí bí nǹkan ṣe ń lọ nínú ilé: ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ti padà sídìí ọtí, tọkọtaya tó ń jà. John Wesley, aṣáájú wọn, rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyẹn, kò sì pẹ́ tí bíbójú tó èèyàn fi borí owó gbígbà. Èèyàn lásán ni púpọ̀ nínú àwọn olórí wọ̀nyẹn, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò, àtọkùnrin àtobìnrin. Ohun tó sọ wọ́n di aṣáájú ni pé èèyàn tó wà lọ́wọ́ wọn kò pọ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń rí wọn, ìwé orúkọ sì wà lọ́wọ́ wọn.

Láyé Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì Mẹ́tọ́díìsì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì lọ́dún 1842, ni irú ètò yìí ti wọ ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá dàgbà nínú Mẹ́tọ́díìsì mọ owó kíláàsì dáadáa. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ibi tó ti ṣẹ́ ku owó nìkan. Wọ́n á pe orúkọ, wọ́n á gba owó, ó tán. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó dé tí ẹnì kan kò fi wá fún oṣù méjì.

Ìpàdé ilé mẹ́fà yín ni ilé ẹ̀kọ́ aṣáájú yín. Ẹ fún olórí kọ̀ọ̀kan ní igbákejì kan láti Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Mẹ́fà nìyẹn, iye tí Pásítọ̀ ń wá gan-an. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, igbákejì jókòó, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, òun ló ń mú ìwé orúkọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó gba orin àti àdúrà. Lẹ́yìn náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni yóò fi darí ohun gbogbo tí olórí yóò sì jókòó sẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí ni iṣẹ́ máa ń bàjẹ́, olórí ló sì máa ń bà á jẹ́. Igbákejì á ṣi ẹsẹ kan túmọ̀, olórí á sáré gbà á lẹ́nu, gbogbo ojú á yí padà sọ́dọ̀ olórí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá béèrè ìbéèrè, olórí ni wọ́n á máa wò. Kí olórí pa ẹnu mọ́ títí ìpàdé yóò fi tú, àyàfi tí ẹ̀kọ́ náà bá fẹ́ ṣi ẹnì kan lọ́nà. Bí wọ́n bá ń lọ sílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó: kí ló lọ dáadáa, ibo ló há, ta ni kò wá? Àṣìṣe kan ṣoṣo ni kí ẹ tọ́ka sí lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ẹ bá ka àṣìṣe márùn-ún fún kò ní tún èyíkéyìí ṣe.

Lẹ́yìn èyí, kí olórí máà lọ rárá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó lọ bẹ ìpàdé ilé mìíràn wò.

Ètò ìpàdé náà, ẹ kọ ọ́ síwájú ìwé orúkọ: orin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, "báwo ni ọ̀sẹ̀ ṣe rí" mẹ́wàá, Bíbélì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àdúrà fún ara wa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìkéde márùn-ún. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Nínú ti Bíbélì, ìbéèrè mẹ́ta péré ni kí aṣáájú tuntun mú dání, kó má ṣe ìwàásù. Bó bá ń wàásù fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, àwọn tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ kò ní padà wá.

Ẹ ṣọ́ oúnjẹ náà. Omi nìkan. Bí onílé kan bá ti gbé bisikíìtì àti mọ́ọ̀tì síta, ojú á máa ti ẹni tí kò ní láti gba ìpàdé sílé rẹ̀, ojúlé mẹ́fà á di mẹ́ta. Bí èèyàn bá ti pé mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí igbákejì kó márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ sí ojúlé tuntun. Ẹ ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn, kí ó má dà bí ìjà.

ÌyáÀwọnỌmọdé

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin bàbá. Ẹ ti sọ ti yíyàn àti kíkọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń rẹ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀, torí àwọn ni àwọn tuntun ń wò. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Bí ti iwájú bá ń tiro, ẹ má retí kí ti ẹ̀yìn gé.

Àkọ́kọ́, olùkọ́ ọmọdé kì í gbọ́ ìwàásù. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ tiyín. Nígbà tí ìjọ ń jẹun nínú ilé, òun wà lẹ́yìn ilé pẹ̀lú ọmọ ogún. Ọ́ṣà tó wà níbi ọkọ̀ náà kì í gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi irú rẹ̀ ṣe ọdún méjì, ẹ ó rí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún Ọlọ́run tí ọkàn rẹ̀ ti gbẹ. Rọ́stà ni oògùn rẹ̀. Fún kíláàsì ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ní ikọ̀ mẹ́ta, èèyàn méjì nínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ikọ̀ kan ń ṣiṣẹ́, méjì wà nínú ìsìn. Kò gbọ́dọ̀ dín ní àgbà méjì nínú yàrá láéláé, ká má rí àgbà kan ṣoṣo tó dá wà pẹ̀lú ọmọ. Èyí ń dáàbò bo ọmọ, ó sì ń dáàbò bo olùkọ́ náà lọ́wọ́ ẹ̀sùn.

Ṣé ẹ ní ẹ kò ní èèyàn mẹ́fà? Ẹ lo àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kẹta, kì í ṣe dípò àgbà. Àmọ́ ẹ fi kàlẹ́ńdà ayé wọn sọ́kàn. Ọmọ tó ń múra JAMB kò ní ráyè láti oṣù kìíní títí tí yóò fi ṣe é. Ẹni tó lọ sìn ìlú, NYSC á gbé e lọ fún ọdún kan gbáko, bóyá kó má padà sí ìlú yín mọ́. Kí ẹ tó sọ pé ọ̀dọ́ kò ní ìfaradà, ẹ wò ó bóyá ìdánwò ló mú un.

Èyí ló gbé mi dé orí àwọn méjì tó jáwọ́. Ẹ lọ bá wọn nílé. Ẹ má bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà. Ẹ béèrè pé kí ló ṣòro níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ lójú wọn. Máàkù náà fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní Pamfílíà, ìyẹn dá ìjà sílẹ̀ láàárín Pọ́ọ̀lù àti Bánábà, síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù ṣì ránṣẹ́ pè é níkẹyìn pé ó wúlò fún òun.

Ẹ̀ẹ̀kejì, owó àpò ara wa. Kírẹ́yọ̀nù, bébà, bisikíìtì, káàdì fóònù láti fi pe òbí, owó ọkọ̀ lọ sí ọjà: olùkọ́ ló ń ná an, ojú sì ń tì í láti sọ. Ẹ gbé owó kékeré kalẹ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ₦15,000 tàbí ohun tí agbára yín ká. Ó ná an, ó mú rìsíìtì wá, akápò fi kún un padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí akápò bá ń sọ pé "ẹ ní sùúrù, ìgbìmọ̀ ò tíì jókòó", ẹ má yà yín lẹ́nu bí ẹni náà bá dákẹ́ tó sì lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi kò gbọ́dọ̀ kọjá Ọjọ́bọ̀ kó tó dọ́wọ́ olùkọ́. Ẹni tó gba ìwé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Sọ́ńdè yóò tẹ́ níwájú ọmọdé, ọmọdé kì í sì í fi ojú àánú wo ẹni tí kò múra sílẹ̀.

Ìpàdé wọ́kà lọ́jọ́ Sátidé ní aago márùn-ún ńkọ́? Ẹ mọ iye abiyamọ tó wà nídìí ọbẹ̀ ní aago yẹn? Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn ìsìn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ẹ má fi ṣe ilé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pé jọ, ìbáwí ni, àwọn tí kò ṣẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣíwọ́ wíwá.

Ẹ̀bùn òpin ọdún kò burú, ṣùgbọ́n gbogbogbòò ni. Ohun tó ń wọ èèyàn lára ni kí ẹ rí i, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀: "Mo rí i bí ẹ ṣe jókòó ti ọmọ tó ń sunkún yẹn títí tó fi dákẹ́." Ọjọ́ náà gan-an, kó má di ìkórè.

Ọmọ_Peckham

Láti Lọ́ńdọ̀nù, ní ṣókí. Níbí, púpọ̀ nínú wọ́kà ń ṣiṣẹ́ ṣífíìtì, nílé ìwòsàn tàbí ilé ìtọ́jú àgbàlagbà. Ẹni tó ti òru bọ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè kò ṣeé pè ní ọ̀lẹ. Ẹ gbé rọ́stà jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ó lè bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ pààrọ̀ ọjọ́, òun ni kó wá ẹni tí yóò dúró fún un, kó sì kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹ̀ka kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Ohun méjì tí ìjọ Yorùbá níbí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún ẹni tuntun kó tó gbà. Ẹni tó bá fẹ́ máa kọ́ ọmọdé déédéé, DBS, ìyẹn àyẹ̀wò ìjọba bóyá ẹnì kan ti dá ọ̀ràn rí, ni kó kọ́kọ́ dé. Ìjọba kì í gba owó lórí ti ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀, àfi owó díẹ̀ tí àwọn tó bá yín fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lè gbà. Èkejì ni pé bí ìjọ bá jẹ́ charity (àjọ aláàánú) ní England àti Wales, ẹni tó wà lára àwọn tó ń ṣàkóso gbogbo ètò rẹ̀ jẹ́ trustee (ẹni tí a fi ìṣàkóso àjọ náà sí níkàáwọ́) lójú òfin, ì báà jẹ́ alàgbà ni ẹ ń pè é. Ẹ má fi ìyẹn "ta èèyàn lọ́rẹ". Ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó ń tọwọ́ bọ̀.

Bàbá_Ìgbìmọ̀

Ọ̀rọ̀ owó tí Alákòóso béèrè, gbogbo yín yẹra fún un. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Ẹ pín in sí mẹ́ta. Iṣẹ́ ọwọ́ tó ní iye lọ́jà, bíi ti atẹ-kíbọ́ọ̀dù, onílù, ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀, bí ẹ bá máa san án, ẹ san án lórí ìwé, kí ìgbìmọ̀ mọ iye rẹ̀. Ìnáwó àwọn olùyọ̀ǹda, ẹ dá a padà bí Ìyá ṣe wí. Iṣẹ́ aṣáájú fúnra rẹ̀, ẹ má san nǹkan kan lórí rẹ̀. Ibi tí ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀ ni ìkọ̀kọ̀. Wọ́n á máa san owó fún ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù lábẹ́lẹ̀, akọrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á gbọ́ ọ lóde, gbogbo wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ṣé ohùn tiwọn kì í ṣe iṣẹ́ ni.

Oyè ńkọ́? Bàbá Ìjọ, Ìyá Ìjọ, Bàbá Akọrin, Ìyá Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì fẹ́ràn láti fi í ṣẹ̀fẹ̀. Èmi kò bá wọn ṣe é. Oyè ń fi ọlá fún àgbà, ó ń mú ẹni tó lówó ṣe ojúṣe nígbà ìkọ́lé, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó burú ni kí oyè di iṣẹ́. Ẹ fi ọlọ́lá kan jẹ Bàbá Akọrin, láìpẹ́ òun ni yóò máa yan orin, òun ni yóò máa sọ ẹni tó máa di máìkì mú. Adarí akọrin tí ẹ ti ń tọ́ láti ọdún méjì á wá di ẹmẹ̀wà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi oyè fúnni, ẹ ka ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sétí ìjọ.

Ohun kan tí a kì í rántí: ìjọ ilẹ̀ wa ní ibi tí aṣáájú ti ń jáde tẹ́lẹ̀, kì í sì í ṣe seminárì nìkan. Ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ni. St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, tó wà níbẹ̀ láti 1896, ń kọ́ ẹni tí yóò jẹ́ tíṣà ní Mọ́ńdè tí yóò sì jẹ́ katikísì ní Sọ́ńdè. Tíṣà abúlé ló ń ka ìwé mímọ́, òun ló ń kọ́ akọrin, òun ló ń kọ ìwé fún ìjọ. Nígbà tí ìjọba gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ láwọn ọdún 1970, ọ̀nà náà dí, a kò sì wá òmíràn rọ́pò rẹ̀. A kàn ń retí kí aṣáájú hù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ẹni tuntun, ẹ wo kọ́kọ́rọ́. N kò pa òwe. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ? Ta nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan míksà? Ta ni ádímìn WhatsApp? Bó bá jẹ́ ẹnì kan náà, igbákejì tí ẹ yàn kò ní iṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ kejì àti orúkọ ádímìn kejì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá yàn án.

Alákòóso_Wọ́kà

Mo dúpẹ́ gidi, ẹ̀yin àgbà. Mo ti tẹ bébà mẹ́sàn-án, mo ti ń kọ ọ́. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn méjì tó fẹ́ sinmi, ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n lọ? Àti pé olórí ìpàdé ilé kan wà, àgbàlagbà, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni darí lójú rẹ̀. N kò fẹ́ kàn án lábùkù.

ÌyáÀwọnỌmọdé

Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó tún jọ sọ̀rọ̀: oṣù mẹ́ta sí òní. Láàárín rẹ̀, ẹ má pè wọ́n fún "ìrànlọ́wọ́ kékeré" kankan, kódà lọ́jọ́ ìkórè. Ìsinmi tí ẹ ń fi fóònù gé kì í ṣe ìsinmi. Orúkọ wọn kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìwé, kí wọ́n sì máa jókòó níwájú láti gbọ́ ìwàásù.

OlóríKíláàsì

Ní ti bàbá yẹn, ẹ má yan igbákejì fún wọn. Ẹ lọ kí wọn nílé, ẹ̀yin àti Pásítọ̀, ẹ má rán ẹnikẹ́ni, ẹ má sì sọ ọ́ sórí WhatsApp. Ẹ sọ fún wọn pé ìjọ fẹ́ ṣí ojúlé tuntun ní àdúgbò kan tí kò tíì ní, àwọn ni ẹ sì fẹ́ kó lọ ṣí i. Kí àwọn fúnra wọn yan ẹni tí yóò jókòó sí ti àtijọ́, kí wọ́n sì máa lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí wọ́n bá ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, kí ẹ gbé tuntun náà wá sí àyíká wọn, kí ti àtijọ́ ṣí lọ sílé ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá kọ̀ méjèèjì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di òpin sáà tó wà lórí bébà. Ìdí tí Díákónì fi ní kí ẹ kọ ọjọ́ ìparí sí i nìyẹn. Ti bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí ó sì bá ti gbogbo àwọn yòókù dọ́gba.